Bí Mo Ṣe Lọ Bi Àdán Léèrè Ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lọ sókè bí ti àwọn ọdẹ yòókù, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pariwo. Ẹni tí ó bá wá síbí láti gbọ́ bí mo ṣe pa ẹkùn, kí ó yáa dìde kí ó máa lọ sílé, nítorí n kò pa ẹkùn nínú ìrìn àjò yìí, n kò pa àgbọ̀nrín, n kò tilẹ̀ pa eku ẹ̀bá ọ̀nà. Èmi Ọdẹ́jìnmí ará Ìdí-Irú, tí mo ti fi ọta kan ṣoṣo gbé ẹfọ̀n ṣubú rí, tí mo ti bá ìkookò du ẹran mọ́ ọn lẹ́nu rí, ni mo wọ Igbó Àìdákẹ́ tí mo sì jáde láì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Àwọn tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín ṣáájú yín kò kéré, àwọn kan nínú wọn kì í sì í ṣe ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ná ọjà Ìdí-Irú rí mọ̀ pé igi irú ni ìlú náà fi ń jẹun. Ilẹ̀ wa kò gba kòkó, iṣu ibẹ̀ kì í ta dáadáa, ṣùgbọ́n igi irú kún ibẹ̀ láti etí odò dé ẹ̀yìn ọjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń tanná. Òdòdó wọn pupa, ó rí roboto, ó sì máa ń rọ̀ dirodiro lórí okùn rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí ọmọdé so kọ́. Bí òdòdó bá lọ, èso á dé. Inú èso ni hóró dúdú wà. Hóró yìí ni àwọn obìnrin wa ń sè di ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ lódò, tí wọ́n ń fi ewé bò títí yóò fi di irú tí òórùn rẹ̀ ń pe ènìyàn wálé. Ó wá di ọdún kan, igi tanná, òdòdó rọ, ó já bọ́, èso kò yọ. Ọdún kejì dé, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìkòkò irú wọn fún àwọn aláró, wọ́n sì ń ra irú wálé láti ìlú tí ó ti máa ń ra tiwa tẹ́lẹ̀. Ìtìjú ni, ẹ̀yin ará. Ó dà bí ìgbà tí apẹja bá ń tọrọ ẹja.

Opó àgbà kan wà tí à ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Ògiri kan ṣoṣo ni ó pààlà ilé rẹ̀ àti tèmi. Òun ni ó mọ irú ṣe jù lọ ní ìlú, ó sì ní igi tirẹ̀ lẹ́bàá odò, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kí àwọn olè má baà ká èso rẹ̀, ó so ààlè mọ́ wọn: àlòkù bàtà, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa, tí ó fi màrìwò dì pọ̀. Kò sí ẹni tí kò so ààlè mọ́ nǹkan rí nínú wa. Bí a bá kó igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà oko, ààlè ni a ń so mọ́ ọn kí a tó lọ. Olè nìkan ni a ń so ó dè. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ ìlú kí ojú ènìyàn má yí padà. Olúọ́dẹ wa, ọkùnrin gíga kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́gbáró, fa ààlè náà já, ó gbé e wá síwájú Baálẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú pé, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni ju òkú ejò.

“Ohun tó di igi wa nínú nìyí!” ló ké. “Ó so ti ara rẹ̀, ìso náà lágbára jù, ó sì ran gbogbo igi ìlú. Àní àdán tí à ń pa nígbà òdòdó, ṣebí ẹ rí i pé wọn ò pọ̀ mọ́? Wọ́n ti sá fún obìnrin yìí.”

Ìyá Àwẹ̀ró kò dìde lórí àpótí rẹ̀. “Ọdẹ́gbáró, ṣé igi tèmi so ni? Bí mo bá fẹ́ di tiyín, ṣé mo máa di tèmi mọ́ ọn? Ìwọ tí o ti ń jẹ irú mi láti ìgbà tí o ń rìn níhòòhò, o ò wá mọ̀ pé irú ni mò ń ṣe, mi ò ṣe òkùnkùn?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́gbáró ní, “Ẹ ò gbọ́ ẹnu? Àjẹ́ wo ni kò lẹ́nu?” Ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró.

Baálẹ̀ ní igi ti ń rúdìí òdòdó báyìí. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí èso kò sí lórí igi, kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìlú. Ó wò wá yíká, ó ní, “Ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún un?” Ibẹ̀ parọ́rọ́. Mo wo èékánná ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù, mo dìde, mo ní, “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Èmi yóò wọ Igbó Àìdákẹ́ lọ bi àwọn tí wọ́n mọ ìdí ohun ẹlẹ́mìí, kí wọ́n sọ ẹni tí ó mú igi wa.” Ariwo sọ. Ẹni tí ń sun ìjálá gbé oríkì mi: Ọdẹ́jìnmí, a-já-àdán-bí-ẹni-já-ewé. Nítorí ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé bí igi irú bá ti tanná, àwa ọdẹ Ìdí-Irú a máa ta àwọ̀n láti igi dé igi nírọ̀lẹ́, àdán á sì rọ́ wọ inú rẹ̀ bí omi. Ọdún Àdán ni à ń pè é. Gbogbo ilé ní í jẹ níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni ó yá jù nídìí àwọ̀n. Mo jáde níbẹ̀ tí àyà mi ga bí ti akin, n kò sì wo ọ̀gangan ibi tí Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sí.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. N kò ní ro gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ pé okùn akèrègbè omi mi já ní ìdí àràbà àkọ́kọ́, omi náà dà sínú gààrí mi, gààrí náà kan kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì jẹ ẹ́ ní kíkan rẹ̀ títí ó fi tán. Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì mi. Ẹ̀gún wọ abẹ́ èékánná àtàǹpàkò mi, ó sì dúró síbẹ̀ bí ayálégbé tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Igbó náà kì í dákẹ́ lóòótọ́. Bí ẹyẹ bá sinmi, ìrẹ̀ á gbà á. Bí ìrẹ̀ bá sinmi, ọ̀pọ̀lọ́ á gbà á. Nígbà tí ó yá, ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni n kò ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti pín, mo bá ẹnì kan lórí ọ̀gán. Kò ní ẹran lára. Eegun ni láti orí dé ẹsẹ̀, ìtàkùn ni ó sì fi so oríkèé rẹ̀ pọ̀. Ó to eegun sórí ẹní níwájú rẹ̀, ó ń fi ewé eépín fá wọn kí wọ́n lè dán. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Baba.”

“Atòegun ni mò ń jẹ́,” ló wí. “Má pè mí ní baba títí o máa fi mọ̀ bóyá èmi ni mo bí ọ. Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

“Ọdẹ ni mí.”

“Háà, oníbàárà mi! Ìwọ lò ń jẹ ẹran, èmi ni mò ń jogún eegun. Jókòó. Ẹni tí kò mọ ọwọ́ ara rẹ̀ kì í kọjá níbí. Ọwọ́ márùn-ún ló wà lórí ẹní yìí, ọ̀kan ni ti ènìyàn. Gbé e. Bí o bá gbé ti ẹlòmíràn, o ti ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn, èmi á sì yọ èyí tó wà léjìká rẹ.”

Inú mi dùn, ẹ má tàn mí jẹ kí n sọ pé ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ti kun ẹran títí ojú ọ̀bẹ mi fi jẹ tán! Mo bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Ìgbà náà ni òógùn bò mí. Gbogbo wọn ni wọ́n ní eegun ńlá kan lókè apá. Gbogbo wọn ni wọ́n ní méjì nísàlẹ̀ rẹ̀, àti eegun wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà ní ọrùn ọwọ́, àti ìka márùn-ún. Ọ̀kan kúrú tí ó sì nípọn. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀kan wà tí ìka rẹ̀ gùn tí ó sì tín-ínrín bí eegun agboòrùn, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú ẹsẹ̀, mo ní èyí kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń pè ní ọwọ́. Ó wá ku méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì. Mo gbé èyí tí ó dára jù lójú mi.

Atòegun rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí oríkèé rẹ̀ ń ró bí àgbá òfìfo. “Ìnàkí lo gbé! Ọlọ́wọ́ ẹran, ọwọ́ ẹran lo sọ pé ó dára jù!” Kí n tó mí, ó ti gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Òtútù rẹ̀ wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Ó fi ọwọ́ kejì fa ọ̀bẹ òkúta yọ.

Ẹ̀yin ará, ẹnu ni mo fi sá níbẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mo ní, “Ẹ dúró ná! Bí ènìyàn bá wọ yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì ṣèèṣì gbé ẹ̀wù ọmọ ìyá rẹ̀ wọ̀, ṣé wọ́n á bọ́ tirẹ̀ lọ́rùn rẹ̀?”

“Ọmọ ìyá ta ni?”

“Ọmọ ìyá mi. Ẹ ò rí i ni? Gbẹ́nàgbẹ́nà kan náà ló gbẹ́ ọwọ́ márààrún.”

Ó gbé ọ̀bẹ dúró lókè. “Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà níbẹ̀,” ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyá ló wà níbẹ̀. Láyé ọjọ́un, kí òkè tí ẹ̀ ń rí yìí tó di òkè, ohun abẹ̀mí kan gun ilẹ̀ láti inú omi, ó ní ọwọ́ báyìí, ó sì bímọ. Ọmọ kì í rí bákan náà pẹ̀lú ìyá. Ìyàtọ̀ díẹ̀ a máa wà. Èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ràn án lọ́wọ́ níbi tó ń gbé, òun ló ń pẹ́ láyé bímọ; èyí tí tirẹ̀ bá fà sẹ́yìn, ẹkùn á jẹ ẹ́. Èyí tó ń sáré lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ajá nìyí. Èyí tó dúró lẹ́bàá omi, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́, ọ̀nì nìyí. Èyí tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ọmọ tí awọ àárín ìka rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kì í ṣubú kíákíá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, títí ìka fi di ìyẹ́. Èyí tí o tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Ọwọ́ àdán ni. Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni. Ó yá, o ti sọ ọ́ lẹ́nu kí o lè là. Wá tún un sọ sí wọn létí, lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹní. Mo ní, “Ọmọ ìyá mi, ajá. Ọmọ ìyá mi, ọ̀nì. Ọmọ ìyá mi, ìnàkí. Ọmọ ìyá mi, àdán.” Bí mo ṣe ń pè wọ́n ni ojú ń tì mí, nítorí mo mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń dùn lọ́bẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀. Àpá ìka rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá wò ó.

Odò kan dá ọ̀nà níwájú. Obìnrin kan jókòó sórí àpáta láàárín rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àpáta, gbogbo inú rẹ̀ sì hàn síta: ẹ̀dọ̀, òróòro, kíndìnrín, ìfun tí ó ká bí okùn igbà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

“Kí lo bojú sí?” ló bi mí. “O ti wo inú àgbọ̀nrín tó, ojú ò tì ọ́.”

“Ìyá, àgbọ̀nrín kì í wò mí padà.”

“Ó wò ọ́. Ìwọ ni o ò wo ojú rẹ̀, ibòmíràn lò ń fojú sùn. Ó dáa, gbọ́ àlọ́ mi. Bí o bá já a, wàá kọjá; bí o ò bá já a, inú odò ni wàá wà pẹ̀lú mi, ara ìwọ náà á máa mọ́ gaara díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ayé á fi máa rí inú rẹ. Àlọ́ o!”

“Ààlọ̀.”

“Ilé kékeré, yàrá mẹ́rin. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì. Àlejò pupa ń wọlé, ó ń jáde. Onílé kò sùn láti ọjọ́ tí a ti dá a.”

Mo fò sókè. “Mo mọ ibẹ̀! Ọkàn ni. Ibẹ̀ ni à ń yìnbọn sí bí a bá fẹ́ kí ẹran ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà!”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Mi ò bèèrè ibi tí ọta ń gbà. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?”

N kò mọ̀. Ẹ gbọ́ o: mo ti dá a dúró nínú ẹran àìmọye, n kò bèèrè rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Mo rọra ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.” Bóyá nítorí pé mo bẹ̀bẹ̀ ni kò fi fà mí sódò. Ó fi ìka hàn mí nínú àyà ara rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti rẹ̀ ṣe ń darí láti gbogbo ara wọ yàrá méjì, tí ọkàn sì ń rán an lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti gba afẹ́fẹ́ tuntun. Ó tún fi hàn mí bí ó ṣe ń padà wọ yàrá méjì yòókù ní pípọ́n dẹ̀dẹ̀, tí ọkàn tún ń rán an jáde dé ẹnu èékánná. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé àyà mi. Mo gbé e. Onílé ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni ó ti ń ṣiṣẹ́ fún mi, n kò sì kí i kú iṣẹ́ rí.

“Ọ̀kan ló kù,” ló wí. “Igi kan dorí kodò nínú àyà: ìdí rẹ̀ wà lókè, ẹ̀ka rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò ní ewé, afẹ́fẹ́ ló ń so.”

Èyí ni mo já. Mo ti la ẹ̀dọ̀fóró ẹran rí, mo ti rí bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń pín sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń ya ẹ̀ka, tí ẹ̀ka ń ya ẹ̀ka, títí ojú kò fi rí i mọ́. Ó yọ̀ sí mi díẹ̀. “Igi inú rẹ àti igi òde ń bá ara wọn dòwò pọ̀,” ló wí. “Èémí tí o mí jáde, ewé ń gbà á. Èyí tí ewé tú sílẹ̀ lójú oòrùn, ìwọ lò ń gbà á. Ẹni tó bá gé ọ̀kan, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Máa lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í kọjá níbí.” Mo gbé ìbọn baba mi lé orí àpáta. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ kò lè mọ̀ bí ó ṣe rí láti rìn nínú igbó bí ẹni tó ń lọ sí ọjà.

Òórùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ariwo wọn. Igi kan ń bẹ tí kò ní ewé tí ó hàn mọ́, àdán ni ó so bí máńgòrò, wọ́n fi ìyẹ́ bora lójú oòrùn ọ̀sán. Ní àárín wọn, àgbàlagbà kan rọ̀, ó tóbi tó ọmọ ọwọ́, irun àyà rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà.”

“Ohùn kan ń ti ìsàlẹ̀ wá,” ló wí fún àwọn ọmọ rẹ̀. “Èmi kì í bá ẹni tí orí rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un kó gbé ara rẹ̀ ró dáadáa.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí ni èmi, àgbà ọdẹ, ṣe gun igi, tí mo fi orúnkún kọ́ ẹ̀ka, tí mo sì dorí kodò. Aṣọ mi já bọ́ bò mí lójú. Fìlà mi lọ. Àpò ọdẹ mi ya ẹnu, ohun inú rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: òkúta ìṣáná, ọ̀bẹ, àpò gààrí tí ó ti ṣófo. Èyí tí ó bọ́ kẹ́yìn kò wúwo. Ó ń fò lọ sọ́tùn-ún, ó ń fò lọ sósì, kí ó tó kanlẹ̀. Ìyẹ́ àdán gbígbẹ tí mo fi ń fẹ́ iná ni.

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. “Ta nìyẹn?” ló bi mí.

Kò bèèrè pé kí nìyẹn. Ta ni, ló wí. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ojú mi nítorí bí mo ṣe rọ̀, n kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìrọ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti ìtìjú. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú kò wá. Ìyá Àgbà ní, “Sọ ohun tí o wá wí.” Mo sọ ọ́: igi tí kò so, ààlè, òjò àkọ́kọ́, obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé. Mo ní, “Ẹ sọ ẹni tó so igi wa fún mi.”

“Kò sẹ́ni tó so igi yín. Ọmọ ènìyàn, igi ní ẹsẹ̀?”

“Kò ní, Ìyá.”

“Báwo ni òdòdó igi kan ṣe máa wá dé ọ̀dọ̀ òdòdó igi kejì, kí wọ́n tó lè bímọ? Ó nílò alárinà. Àwa ni alárinà. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òdòdó irú á sun oyin, òórùn rẹ̀ á pè wá. A ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, àtíkè òdòdó á lẹ̀ mọ́ wa láyà, a ó gbé e lọ sí igi mìíràn. Oyin yẹn ni owó alárinà. Ẹ̀yin wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó pẹ̀lú àwọ̀n, ẹ ń pa alárinà jẹ lọ́dọọdún, ẹ tún ń jó sí i. Nígbà tí ìyàwó ò wá lóyún, ẹ ní arúgbó kan ló di í nínú.”

Bí wọ́n bá fi ọ̀pá gbá mi, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ọmọdé lè rò ó. Gbogbo wa ni a ń wo òdòdó, gbogbo wa ni a ń wo àdán, gbogbo wa ni a jókòó sáàárín méjèèjì tí a ń jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n padà wá. Ó ní díẹ̀ nínú wọn á wá níbi tí àwọ̀n kò bá sí, ṣùgbọ́n kí n fi oríkì mi sílẹ̀ lórí igi náà, èyí tí wọ́n fi ń yìn mí nítorí wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi pè mí mọ́. Mo fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń ki àwọn ọdẹ ní àwùjọ, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á fò mí.

Mo délé ní ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ là. Àwọn ọdẹ ti ń tú àwọ̀n wọn sílẹ̀ níwájú ilé Baálẹ̀. Mo rò ó láì fi ohun kan pa mọ́, títí kan bí mo ṣe rọ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọdẹ́gbáró ní, “Ọdẹ́jìnmí, o gbé ìbọn lọ, o mú àlọ́ bọ̀! Àdán ni alárinà igi! Ta wá ni ìyá ìyàwó, ọ̀kẹ́rẹ́ ni?” Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n ta àwọ̀n sí ìhà ọjà bí wọ́n ṣe ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ta á sí ìhà odò, òjò ni yóò dájọ́. Ní gbogbo ìgbà náà, wọn kò ta ata fún Ìyá Àwẹ̀ró. Bí ó bá dé odò, àwọn tí ń pọnmi á gbé korobá wọn á lọ. Mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì ń rò ó nínú mi pé èmi ti ṣe tèmi.

Kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, ìhà ọjà gbẹ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní ìhà odò, èso ń rọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ ò mọ ènìyàn! Ọdẹ́gbáró fò síta, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Igi tirẹ̀ ló tú sílẹ̀, ó fi tiwa sínú ìdè!” Àwọn ènìyàn sì ń mi orí. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò tètè jáde. Ìyàwó Ọdẹ́gbáró fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ síwájú. “Baálé mi,” ló wí, “igi tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ so. Ti Ìyá Alágbẹ̀dẹ tó wà lókè odò so. Ibi tí ẹ ò ta àwọ̀n sí ló so. Àbí èmi náà ti di àjẹ́ tí ẹ ń bá sùn?” Baálẹ̀ dá Ìyá Àwẹ̀ró láre, ó fi obì ránṣẹ́ sí i, ó sì ní láéláé, kí ẹnikẹ́ni má ta àwọ̀n nígbà òdòdó mọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró gba obì náà, ó dúpẹ́, ó sì wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí ìlú tí wọ́n bí òun sí. Àwọn obìnrin bẹ̀ ẹ́, wọ́n sunkún. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì tú ẹrù. Mo ní kí n bá a ru ú dé ààlà. Ó jẹ́ kí n rù ú: ìkòkò irú, ẹní, àti aṣọ tí ó fi ìdikù dì. A rìn títí a fi dé odò tí ó pààlà ilẹ̀ wa. Níbẹ̀ ni mo sọ ẹrù kalẹ̀, tí mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn.

“Ẹ foríjì wá, Ìyá.”

“Dìde. Wọ́n ní ibi tí o lọ jìnnà.”

“Ó jìnnà, Ìyá.”

“Wọ́n ní o dorí kodò bá àdán sọ̀rọ̀ nítorí mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“O ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.” Ó ń wo omi. “Ṣùgbọ́n ilé mi ò jìnnà sí tìrẹ, Ọdẹ́jìnmí. Ògiri kan ni. Omi tí mo gbé kaná ni wọ́n fi wẹ àkọ́bí rẹ. Lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ bèèrè ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún mi, ṣé ó di dandan kí o kọ́kọ́ lọ bi àdán léèrè?”

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè bá a gbé ẹrù náà sórí, nítorí kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan ń dá gbé ru. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó yí i lọ sórí kùkùté igi kan, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fi orí gbà á, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ̀n, títí ó fi dúró ṣánṣán. Ó wọ inú odò. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lófìfo, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè ké tẹ̀ lé e, títí omi fi tòrò padà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dà á rú.